Ẹ Jẹ́ Kí Iná Kú Kí Ẹ Tó Pàtẹ́wọ́

Ìtàn tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ nípa olóògbé Tshokolo Phakoe ni ti ọdún tí iná ẹ̀tàn kò jáde, púpọ̀ nínú àwọn tó sì ń sọ ọ́ ni kì í sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ní ó ti mutí yó. Irọ́ ni. Ohun tó le jù lọ tó ń wọ ẹnu rẹ̀ ni omi atalẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe, èyí tó máa ń ta ènìyàn lọ́fun lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí kò pa ẹnikẹ́ni bí ọtí rí. Wọ́n tún ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Oṣù Kẹsàn-án ni, ní Lekgalong, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wọn, nígbà tí koríko gbẹ débi pé ewúrẹ́ pàápàá ń fi ìfura jẹ ẹ́. Òjò wo?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ọjọ́ Sátidé àfihàn bàálù ni. Èrò kún etí pápá ibùdó àwọn ológun òfurufú, àwọn ọmọdé wà lórí òrùlé ọkọ̀, èéfín sọ́séèjì ń lọ sókè. Ntate Phakoe, bí a ṣe ń wí pé Bàbá Phakoe, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ibùdó náà, wà lórí pèpéle pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́, nítorí òun ni olùkéde ọjọ́ náà lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tó láyà láti gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Bàálù ajagun yọ láti ẹ̀yìn òkè. Ntate wí bó ṣe máa ń wí, "Ẹ má wo bàálù. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Iná ẹ̀tàn ń bọ̀." Gbogbo ọrùn yí. Bàálù náà kọjá, ariwo rẹ̀ mi àwo oúnjẹ lórí tábìlì, ó kọ̀dí sí wọn, ó lọ. Iná kankan kò jáde. Èéfín pàápàá kò jáde.

Ntate Phakoe wúkọ́ sínú máìkì.

"Ẹ̀yin ará Lekgalong," ó ní, "ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú rí yẹn, àwọn díẹ̀ ló rí irú rẹ̀ rí láyé."

"Ntate, àwa ò rí nǹkan kan o." Sello tó ń ta sọ́séèjì ló ké bẹ́ẹ̀ láti ìdí ààrò rẹ̀.

"Sello, ṣé ọ̀tá orílẹ̀-èdè yìí ni ọ́?"

"Rárá, Ntate."

"Ọ̀rẹ́ ni ọ́, àbí?"

"Ọ̀rẹ́ ni mí, Ntate."

"Ó dáa. Ìwọ tí o jẹ́ ọ̀rẹ́, tí mo fi ẹnu ara mi sọ ibi tí o máa wò fún, o ò rí i. Báwo ni ọ̀tá ṣe fẹ́ rí i?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó wà níwájú, ó ràn dé ẹ̀yìn, àtẹ́wọ́ sì tẹ̀lé e, irú èyí tí iná ẹ̀tàn gidi kò gbà rí. Kọ́nẹ́lì Rambau tó jẹ́ ọ̀gá ibùdó náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, títí ó fi rántí pé òun ló ni iná tí kò jáde.

Ohun tí àwọn èrò kò mọ̀ ni pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Kọ́nẹ́lì ti tún un sọ fún Ntate pé tí àṣìṣe kan péré bá wáyé, iná ẹ̀tàn ti kúrò nínú àfihàn Lekgalong títí láé. Ọkùnrin tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín yẹn mọ̀ pé àṣìṣe náà ti wáyé.

Ó yẹ kí a tún ohun kan ṣe kí a tó lọ síwájú, torí bí Ntate bá wà láyè, òun fúnra rẹ̀ ì bá ti dá wa dúró. Iná ẹ̀tàn kì í ṣe iná àríyá. Lójú ogun, àwọn ọ̀tá ní àdó olóró tó ń tọ ooru ẹ́ńjìnnì bàálù lẹ́yìn, bí ajá ṣe ń tọ òórùn ẹran. Awakọ̀ bàálù á wá tú iná wọ̀nyí sẹ́yìn, wọ́n á gbóná ju ẹ́ńjìnnì lọ, àdó á gba ọ̀dọ̀ wọn lọ, bàálù á sì sá gba ibòmíràn. Lọ́jọ́ àfihàn kò sí ọ̀tá, ẹwà rẹ̀ nìkan ló kù: ìràwọ̀ funfun tó ń já bọ́ lọ́sàn-án gangan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa ìrù èéfín. Gbogbo ọdún tí Ntate Phakoe fi ṣiṣẹ́, òun ló ń di iná wọ̀nyí sí abẹ́ bàálù. Ó ní ẹlòmíràn á bí ọmọ kan, á máa fi yangàn kiri. Òun ti tọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sí èyí tí kò tàn nínú wọn.

Ó mú ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kúnkúndùn débi pé ó bá a wọ ilé ìjọsìn. Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn àfihàn, Moruti, ìyẹn pásítọ̀ wọn, ń wàásù. Ó ní bí iná ṣe bọ́ láti ọ̀run lánàá, bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe máa bà lé wa. Ntate Phakoe dìde dúró láàárín ìjọ.

"Moruti, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀tàn ni iná ti àná."

"Ntate, àpèjúwe lásán ni mò ń ṣe."

"Mo mọ̀. Ẹ má fi Ẹ̀mí Mímọ́ wé ẹ̀tàn. Ọ̀kánjúwà ni kí ẹ fi wé e, ìyẹn bá a mu."

Láti ọjọ́ náà, bí Moruti bá fẹ́ dárúkọ iná lórí pẹpẹ, yálà ti ọ̀run rere tàbí ti ọ̀run àpáàdì, á kọ́kọ́ wo ibi tí Ntate Phakoe jókòó sí.

Ìṣòro ilé rẹ̀ ni ti rìbọ́n pupa. Ní ibùdó, kí bàálù tó gbéra, píìnì kan máa ń wà lára àpótí iná ẹ̀tàn, rìbọ́n pupa gígùn sì máa ń wà nídìí píìnì náà kí ojú má baà fò ó. Bí píìnì bá ṣì wà níbẹ̀, awakọ̀ lè tẹ bọ́tìnnì títí ìka rẹ̀ á fi wú, iná kò ní jáde. Nítorí náà, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí bàálù lọ, ẹni tó di iná náà á fa píìnì yọ, á gbé rìbọ́n sókè kí awakọ̀ rí i, awakọ̀ á na àtàǹpàkò sí i pé òun ti rí i. Àṣà tó dára ni. Ntate Phakoe fẹ̀yìntì, ó sì mú àṣà náà bọ̀ wálé.

Ó so rìbọ́n mọ́ kẹ́tù. Ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn ọgbà, mọ́ agboòrùn, mọ́ ìdérí ìkòkò tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ro pap, òkèlè àgbàdo wọn. Mme Disebo, ìyàwó rẹ̀, jẹ́ obìnrin tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí kì í gbàgbé.

"Disebo, o gbé kẹ́tù lórí iná láìyọ rìbọ́n."

"Bàbá Pulane, tíì ni mo fẹ́ mu. Mi ò fẹ́ fò."

Ewúrẹ́ wọn náà ní tirẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n bi Ntate pé kí nìyẹn wà fún, ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà pa á láìgbàṣẹ. Ewúrẹ́ náà jẹ rìbọ́n ọ̀hún tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó sì gbó títí ó fi kú fúnra rẹ̀, nítorí Ntate ní kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ti yọ rìbọ́n náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí òun fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ la àárín ìlú kọjá, tí rìbọ́n tó fọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ bọ́ńpà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Gbogbo ìsọ̀ ló ń pè é. "Ntate, rìbọ́n yín o. Ntate, ẹ ò yọ rìbọ́n." Ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo rìbọ́n náà, ó wo àwọn èèyàn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń ṣọ́ra ni."

Ohun tó wá ń bí i nínú jù lọ láyé ni àtẹ́wọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ kí wọ́n pa á o. Wọ́n ń tètè pa á ni. Bí iná ẹ̀tàn bá ti tàn báyìí, èrò á bú jáde, wọ́n á máa fò sókè. Ntate á pariwo sínú máìkì. "Ẹ dákẹ́. Iṣẹ́ ò tíì parí. Aboyún ṣì ń rọbí, ẹ̀yin ti ń jó." Ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀ rèé: kí iná tàn kì í ṣe iṣẹ́, ìṣáná pàápàá ń tàn. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni pé kí gbogbo rẹ̀ jó tán lókè, kí ọ̀kankan má kan ilẹ̀ láàyè, nítorí koríko tó wà nísàlẹ̀ ń dúró dè é. Ó ní ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn bá kú lójú ọ̀run ni kí wọ́n pàtẹ́wọ́, torí ìgbà yẹn ni awakọ̀ àti ẹni tó di iná náà tó mí. Ó ń sọ ọ́ lọ́dọọdún. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọdún kan wá wà tí awakọ̀ kan fò wálẹ̀ jù. Ọ̀kan kanlẹ̀ láàyè. Kí omi tó dé, iná ti jó koríko ẹ̀yìn pápá dé ẹsẹ̀ òkè. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ó jó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onípákó tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò pàtàkì, ọ̀gágun kan sì sá jáde nínú rẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ múra tán. Lọ́jọ́ Ajé, Kọ́nẹ́lì ránṣẹ́ pe Ntate.

"Ntate, ó ti parí. Lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí iná ẹ̀tàn."

"Mo gbọ́, Kọ́nẹ́lì. Ẹ jẹ́ kí bàálù méjì tú u nígbà náà."

"Mo ní kò sí rárá."

"Ó dáa, bàálù kan. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì."

"Ntate, ṣé ẹ ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ?"

"Mò ń gbọ́ o. Ẹ̀yin ni ẹ ò tíì sọ iye tiyín."

Kọ́nẹ́lì kò mọ ìgbà tó bọ́ sínú ọjà. Ó ní bó bá tilẹ̀ máa ṣẹlẹ̀, òkè réré ni bàálù máa wà. Ntate ní báwo ni òkè réré náà ṣe réré tó. Kọ́nẹ́lì na ìka sí ìkùukùu kan lójú fèrèsé. Ntate wò ó pẹ́. "Níbi yẹn, Kọ́nẹ́lì, ọwọ́ àwọn áńgẹ́lì ni ẹ ti máa gba owó ìwọlé."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí tíì fi tutù. Níkẹyìn, wọ́n gbà pé bàálù á wà ní agbedeméjì, àti pé Ntate fúnra rẹ̀ ni yóò kó èèyàn sòdí láti kọ́kọ́ jó koríko abẹ́ ọ̀nà bàálù kúrò kí ọjọ́ àfihàn tó dé, kí iná má rí ohun jẹ nílẹ̀. Kọ́nẹ́lì wá gbé ìka kan sókè. "Àṣìṣe kan, Ntate. Kan péré. Ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ iná ẹ̀tàn lẹ́nu mi mọ́."

Jíjó koríko náà lọ dáadáa, àfi ti afẹ́fẹ́. Ntate Phakoe fi itọ́ pa ìka, ó nà án sókè, ó sọ pé afẹ́fẹ́ ń lọ sí ẹ̀yìn òkè. Ààbọ̀ ìlú ló rí i pé ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Gbogbo aṣọ funfun ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wà lórí okùn. Nígbà tí èéfín fi máa lọ, ẹgbẹ́ ìyá ti di ẹgbẹ́ eléèédú. Wọ́n wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, Mme Disebo ló ṣáájú wọn.

"Bàbá Pulane, ìwọ lo ní afẹ́fẹ́ ń lọ sẹ́yìn òkè."

"Ó ń lọ síbẹ̀. Ó yà sọ́dọ̀ yín ná ni."

Ìdáhùn yẹn ló mú kó fọ aṣọ wọn. Òun àti àwọn sájẹ́ǹtì àtijọ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọ̀ ọ́ látòru mọ́jú, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ ìyá wọ ilé ìjọsìn pẹ̀lú ìlà aṣọ tó mú bí abẹ, irú èyí tí àwọn ológun ń lọ̀ fún ìyíde. Moruti ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kí wọn ní kíkí ológun.

Ọdún yẹn kan náà, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ni iná ẹ̀tàn kò jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹni tó di iná lọ́jọ́ náà ni Kọ́púrà Keneuwe Mokhethi, ọmọbìnrin tí Ntate fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìntì. Bó ṣe fẹ́ fa píìnì yọ ni àwọn àlejò pàtàkì ń pè é pé kó sáré wá, kí àwọn bá a ya fọ́tò. Rìbọ́n bàálù mìíràn tó ti yọ ṣáájú wà lápò rẹ̀. Ó fa ìyẹn jáde, ó gbé e sókè, awakọ̀ na àtàǹpàkò sí i, bàálù sì gbéra pẹ̀lú píìnì tirẹ̀ lábẹ́. Nígbà tí gbogbo ayé ń wo ẹ̀yìn bàálù, Ntate nìkan ló wo abẹ́ rẹ̀, òun ló sì mọ ohun pupa tó ń fẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn àfihàn, ó bá Keneuwe lẹ́yìn ilé bàálù. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ntate, èmi ni."

"Mo mọ̀. Mo rí rìbọ́n náà. Ó ń yọ ahọ́n sí mi láti òkè."

"Tinú àpò mi ni mo gbé sókè. Wọ́n ń pè mí sí fọ́tò."

"Fọ́tò náà dáa?"

"Ntate, ẹ jọ̀ọ́."

"Mò ń béèrè ni. Ó yẹ kí ohun kan dáa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nu ojú ẹ, ká lọ bá Kọ́nẹ́lì."

"Ká lọ bá ta? Ntate, ẹ ti bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ti rẹ́rìn-ín. Tí a bá sọ, iná ẹ̀tàn ti lọ nìyẹn, iṣẹ́ mi náà sì ti lọ."

"Àwọn tó wá jẹ sọ́séèjì ni mo tàn, Keneuwe. Mi ò lè tan ẹni tó ń jókòó sínú bàálù. Awakọ̀ yẹn ń rò báyìí pé ẹ̀rọ ọkọ̀ òun bàjẹ́. Ṣé o fẹ́ kó máa fi ìbẹ̀rù fò?"

Wọ́n lọ. Keneuwe sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi fọ́tò pamọ́, kò fi àpò pamọ́. Nígbà tó parí, Kọ́nẹ́lì yíjú sí Ntate.

"Ntate, ẹ rántí àdéhùn wa."

"Mo rántí ẹ̀ dáadáa. Ìdí àdéhùn wa ni kí iná má kan ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jáde, ká lọ wá èyí tó kan ilẹ̀ lónìí."

"Àṣìṣe kan péré ni mo wí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kọ́nẹ́lì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Látìgbà tí wọ́n ti dá ibùdó yìí sílẹ̀, iná ẹ̀tàn ò tíì ṣe koríko lóore tó báyìí."

Kọ́nẹ́lì fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Ntate jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò fi ẹ̀fẹ̀ sí lọ́jọ́ náà. Ó ní ọmọ yìí lè dákẹ́, kò sì sí ẹni tí ì bá mú un. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ó ní kí wọ́n fi iná sílẹ̀ sí àfihàn, kí wọ́n sì fi iná sílẹ̀ sí ọwọ́ ọmọ náà. "Bí ẹ bá fẹ́ mú ọ̀kan kúrò, Kọ́nẹ́lì, ẹ gba máìkì lọ́wọ́ mi." Gbogbo ẹni tó mọ Ntate Phakoe mọ ohun tó fi lélẹ̀ níbẹ̀.

Kọ́nẹ́lì kò gba máìkì, kò sì mú iná kúrò. Ó ní kí Keneuwe lọ ṣàlàyé fún awakọ̀ fúnra rẹ̀, kó sì di iná lọ́dún tó ń bọ̀. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Ntate, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí àwọn èèyàn bá rí ni kí ẹ kéde." Ntate ní òun á gbìyànjú, bí wọ́n bá wo ibi tí òun bá ní kí wọ́n wò.

Láti ọdún yẹn, iná Keneuwe ń jáde, gbogbo rẹ̀ ló sì ń kú lókè. Ntate ń jó koríko lọ́dọọdún, ó ń béèrè ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ kó tó ṣáná, ó sì ń bá àwọn tó ń tètè pàtẹ́wọ́ jà. Ọ̀kan péré ni kò yí padà nínú gbogbo rẹ̀: wọn kò gbọ́.

Ó kú ní oṣù Keje, nígbà òtútù, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn tó jẹ pap àti ẹ̀fọ́ tán, tó sì ti bu ẹnu àtẹ́ lu iyọ̀ inú rẹ̀. Níbi ìsìnkú, nígbà tó ku kí wọ́n sọ pósí kalẹ̀, Mme Disebo rí i pé ẹnì kan ti so rìbọ́n pupa mọ́ ọwọ́ pósí náà. Ó bi wọ́n léèrè ta ló so ó. Keneuwe, tó ti di sájẹ́ǹtì, ń wo bàtà ara rẹ̀. Mme Disebo rọra tú rìbọ́n náà. Ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Láti ẹ̀yìn, Kọ́nẹ́lì Rambau na àtàǹpàkò sí i. Ẹ̀rín gba etí sàréè, Moruti sì ní láti tún orin ìsìnkú dá.

Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án dé, wọ́n wá olùkéde kan láti ìlú ńlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ohùn dídùn. Ó dárúkọ gbogbo bàálù, kò ṣi ọ̀kankan pè. Nígbà tí bàálù ajagun yọ lẹ́yìn òkè, ó ní kí àwọn èèyàn wo bàálù náà. Wọn kò wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò.

Iná tú jáde, funfun, ọ̀wọ́ lé ọ̀wọ́. Olùkéde náà dákẹ́, ó ń retí ariwo. Ariwo kankan kò wá. Ó yẹ máìkì rẹ̀ wò, ó rò pé etí òun ló di. Ọmọdé kan gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìyá rẹ̀ sì gbá wọn mú kí wọ́n má baà kan ara wọn. Àwọn iná náà ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ dúdú tí àwọn sájẹ́ǹtì àtijọ́ ti jó sílẹ̀. Wọ́n ń kéré sí i, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ìyẹn pẹ́. Sello ti gbàgbé sọ́séèjì rẹ̀ lórí iná, ó ń jóná.

"Ntate," ó ní, kò ké e rárá, "a rí i lọ́tẹ̀ yìí."

Ẹyọ kan náà kú. Èéfín rẹ̀ nìkan ló kù lókè. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wo ẹnì kejì, ó ń bẹ̀rù kó má tètè jù. Wọ́n wá yíjú sí Mme Disebo níbi tó jókòó sí níwájú, rìbọ́n pupa lórí itan rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀run kínníkínní, bí ọkọ rẹ̀ ì bá ṣe wò ó.

"Ó ti kú tán," ó ní. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."